Ohun Mọ́kànlá Lọ́rùn Télọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: Olùdámọ̀ràn mọ ìbéèrè í bi. Iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn. Ẹni tí gbogbo nǹkan bá ti sú, á ní kó kọ ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀ sínú ìwé, á wá máa bi í léèrè títí onítọ̀hún á fi rí ọ̀nà fúnra rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: má bá a gbé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Télọ̀ wọlé. Ó ti ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti oṣù méjì, nítorí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù àti ìyá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Bàtà tó wọ̀, ọ̀tọ̀ ni tọ̀tún, ọ̀tọ̀ ni tòsì.

"Àbúrò mi, ìwé tí mo ní kó o kọ ńkọ́?"

"Mo kọ ọ́, Àǹtí."

Ohun mọ́kànlá. Bí Olùdámọ̀ràn ṣe kà á tán, ojú tì í. Mẹ́rin nínú rẹ̀, òun ló gbé e fún un. Kó jí ní kùtù kó rìn. Kó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kó kọ ọpẹ́ mẹ́ta sílẹ̀. Kó kọ ìwé yìí gan-an. Háà! Ẹni tó ń rì sómi, òkúta lòun ń kó sí i lápò.

"Èwo la lè yọ níbẹ̀?" Ìbéèrè ti mọ́ ọn lára.

"Mo ti yọ ọ̀kan." Télọ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí ìwé náà. "Mo ti ìyá mi mọ́lé láàárọ̀ yìí. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè kankan. Ó ti sú mi, Àǹtí. Ó sú mi dé eegun."

Ìbéèrè mẹ́ta ti dé ètè Olùdámọ̀ràn, ó gbé wọn mì. Òfin wo? Kí òfin lọ jókòó ná! Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó di ọwọ́ Télọ̀ mú, ó ní, "Dìde. Èmi ni màá wọlé."

Ilé náà ò jìnnà, ṣùgbọ́n eré ni wọ́n sá débẹ̀. Télọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò gbé e wọlé. Olùdámọ̀ràn ṣílẹ̀kùn. Ìyá náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti tutù rinrin, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri ibẹ̀ gan-an ni aládùúgbò ti ń fọ abọ́. Ẹ̀ ń gbọ́ ọ ketekete.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Mà. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pariwo?"

Ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu ìyá náà. "Kì í fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn, kí aráalé lè máa yọjú wò mí. Mo gbọ́ nígbà tó fi sí i lónìí. Mo ní, ọmọ mi ń lọ nìyẹn. Bí mo bá pariwo, wọ́n á lọ pè é padà."

Télọ̀ gbọ́ ọ níta. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.