Àkísà Ìbẹ̀rẹ̀

Ọkùnrin náà tẹ bọ́tìnnì tó wà lókè pátápátá lára rìmóòtù tuntun náà. Fáànù tó so mọ́ àjà kò mira. Ó tún un tẹ̀, ó fi àtàǹpàkò mọ́ ọn pẹ́. Fáànù ń wò ó.

"Ó ti kú," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wí láti orí ibùsùn.

"Kò kú, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń gbọ́ ti rìmóòtù tirẹ̀."

"Tó bá ń gbọ́ ti ẹlòmíì tí kò gbọ́ tìẹ, ìwọ lo lẹ́bi nìyẹn."

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà tó fi ń kọ́ rìmóòtù náà níṣẹ́. Ogójì ọdún ló fi tún tẹlifíṣọ̀n ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, èyí tí mànàmáná bá pa nìkan ló ń borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n a máa jẹ́wọ́. Bí ara rẹ̀ kò bá dá, wàá gbọ́ òórùn rẹ̀, wàá rí ibi tó ti jóná. Ètò inú kọ̀ǹpútà yìí kì í jẹ́wọ́. Bó bá ti kó nǹkan sínú rìmóòtù tán, á kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Gbogbo rẹ̀ ti wọlé." Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló ti kọ ọ́ láti àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló purọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tiẹ̀ dákú lẹ́nu iṣẹ́, tó gbé gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ti kọ lọ.

Ó ti pe ẹni tó ta rìmóòtù náà fún un. "Ẹ pa á, Bàbá, kí ẹ tún un tàn," lonítọ̀hún wí. Ó pa á, ó tún un tàn. Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kejì, fóònù ẹni náà ni wọ́n ti pa. Ìyẹn kò tíì tàn títí di báyìí.

Àpò ẹrù kan wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dì í lánàá. Aago mẹ́rin ni yóò gbé ọkọ̀ wá mú ìyá rẹ̀ lọ sílé tirẹ̀. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wọlé lọ́sàn-án tó bá ìyá rẹ̀ nínú òógùn bí ẹni tí òjò pa. Obìnrin tó ń wá tọ́jú rẹ̀ ti lọ láti àárọ̀, kò sì rántí tan fáànù. Láti ìgbà tí ẹ̀gbà ti kọlu ẹ̀gbẹ́ òsì ìyá náà, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kù fún un, àtàǹpàkò rẹ̀ ló sì gbọ́ràn jù. Àwọn bọ́tìnnì rìmóòtù fáànù kò ju hóró àgbàdo lọ. Kò lè rí wọn tẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ ò lè tan fáànù, ẹ ò lè pa iná," lọmọ náà wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ìyá kò sunkún. Àbúrò rẹ̀ ló pè lórí fóònù. "Abẹ́rẹ́ ni mo fi kọ́ ilé yìí," ló wí. "Wáyà, wá nǹkan ṣe."

Wáyà ló ti ń pè é láti kékeré.

Ó wá rìmóòtù yìí rí: bọ́tìnnì mẹ́rin péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ bí ìdérí ìgò. Bí èèyàn bá fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọ, á máa darí ohun mẹ́rin. Fáànù, iná, rédíò, tẹlifíṣọ̀n. Fáànù ló fi sókè pátápátá, torí òun ló ká wọn lára jù. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù ń jẹ́ ìpè. Fáànù nìkan ni kò jẹ́. Ó gbà pé nọ́ńbà rẹ̀ ni kò bá a mu, ó sì fi nọ́ńbà mẹ́sàn-án dán an wò látinú ìwé tó bá rìmóòtù wá.

Aago méjì kọjá.

"Èwo ló máa ń sọnù?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Fáànù."

"Ibo lo fi sí?"

"Lókè. Òun ló ṣáájú."

Obìnrin náà yíjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, tí wọ́n fi aṣọ bò.

"O rántí ẹ̀rọ mi àkọ́kọ́? Ó máa ń jẹ ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ. Á fà á wọlé, á lọ́ òwú mọ́ ọn. O tú u palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, o ní kò sóhun tó ṣe é."

"Kò sóhun tó ṣe é. Mo ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ nù."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ránṣọ lórí rẹ̀. Àkísà ni mo máa ń kọ́kọ́ fún un jẹ. Tó bá ti fẹnu kan àkísà tán, mo ti aṣọ oníbàárà tẹ̀lé e nìyẹn. Kì í jẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì."

Ọkùnrin náà wo kọ̀ǹpútà títí.

"Bọ́tìnnì mẹ́rin ló ní, Ẹ̀gbọ́n mi. Tá a bá fún un lọ́kan jẹ, mẹ́ta ló kù."

"Fún un ní tẹlifíṣọ̀n."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ohun tí mo fi jẹun fún ogójì ọdún lẹ fẹ́ fi ṣe àkísà?"

"Ṣé o ti bá mi níbi tí mo ti ń wò ó rí? Ìwọ lo gbé e wá. Mo kàn fi í síbẹ̀ kójú má bàa tì ọ́ ni." Ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà to orúkọ wọn lọ́tun. Tẹlifíṣọ̀n lókè. Fáànù tẹ̀lé e. Ó dá a padà sí nọ́ńbà àkọ́kọ́, èyí tí ìwé náà kọ fún irú rẹ̀ gan-an. Iná. Rédíò. Ó ní kó wọlé.

"Gbogbo rẹ̀ ti wọlé," ni kọ̀ǹpútà kọ.

"Irọ́ ni," ló wí, láìbínú.

Kò dán an wò fúnra rẹ̀. Ó gbé rìmóòtù sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àtàǹpàkò obìnrin náà lọ tààrà dé bọ́tìnnì òkè, ó fò ó, ó tẹ èyí tó tẹ̀lé e.

Fáànù gbọn ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Atẹ́gùn gbé etí aṣọ tí wọ́n fi bo ẹ̀rọ ìránṣọ sókè.

Ọmọ dé kí aago mẹ́rin tó lù, tòun ti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ tẹ rìmóòtù: iná tàn, ó kú, ó tún tàn. Rédíò bẹ̀rẹ̀ ìròyìn.

"Mọ́mì…"

"Jókòó. O ń dí atẹ́gùn mi."

Ó gba rìmóòtù, ó tẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé tòkè, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Àǹkù, èyí ò ṣiṣẹ́."

"Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn."

Ọmọ náà wo àwọn méjèèjì. Ó jókòó.

"Oṣù kan," ló wí. "Ká ṣì wò ó fún oṣù kan."

"Tú àpò mi," ni ìyá rẹ̀ wí.

Bí ọkùnrin náà ṣe ń di kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó rántí iye tẹlifíṣọ̀n tó ti sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n gbé jù sí ààtàn. Kò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn rí bóyá wọ́n ní àkísà nílé.

Bọ́tìnnì mẹ́ta ń ṣiṣẹ́. Tòkè kò tan nǹkan kan.