Àwọn Méjì Tí Kì í Wá Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ fi ìka kan tẹ kọ̀ǹpútà náà, ó sì yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ọmọbìnrin tó wá kọ́ wọn ní ẹ̀rọ tuntun náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kò lè jó wọn lọ́wọ́, wọn ò sì lè bà á jẹ́. Kí wọ́n sáà bi í ní ìbéèrè bí ẹni tó ń bi ọmọ inú ilé.

"Bí mo bá bi ọmọ inú ilé tèmi ní ìbéèrè," ni Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ wí, "irọ́ ló kọ́kọ́ máa ń pa."

Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ìyá náà ń mu ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun ni ọ̀gá yàrá tí ilé ìwòsàn náà ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tó bá fẹ́ fi tọrẹ, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú bíi kóró iṣin. Kò kórìíra orúkọ náà rárá, àfi bí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ bá ń fi dẹ́rù ba ara wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ju ẹ̀rín lọ. Obìnrin kan wà ní yàrá àwọn aboyún lókè, tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ọjọ́ Ẹtì kó lè bímọ. Irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ wọ́n bí ojú, kò sì lè gba òmíràn àfi irú tirẹ̀ gan-an. Nínú fìríìjì Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀, kò sí àpò irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kankan. Láàárọ̀, dókítà agbẹ̀bí ti sọ̀ kalẹ̀ wá, ó dúró lẹ́nu fìríìjì, ó mí kanlẹ̀, ó sì padà lọ. Èyí dun ìyá náà ju kó pariwo mọ́ ọn lọ.

Tẹ́lẹ̀ rí, bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohunkóhun nípa àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, wọn á kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì àgbà. Kí èsì tó dé, ọ̀rọ̀ á ti tutù. Ẹ̀rọ tuntun yìí kò ní kéèyàn dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà gan-an ni yóò kọ ohun tó fẹ́ mọ̀, ẹ̀rọ á sì tú gbogbo ohun tí wọ́n ti kó pa mọ́ láti ọdún gbọọrọ wò, á wá yà á ní àwòrán síwájú rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ wá kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú ẹ̀rọ: ta ló ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí, tó ti ń wá rí, tí kò wá mọ́? Orúkọ mélòó kan jáde. Ó mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi wá: àwọn kan ti kó kúrò nílùú, ara àwọn mìíràn kò le mọ́. Ó wá ku ẹni méjì, tí ẹ̀rọ sì fa ìlà pupa kan láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé pé ìlà náà fi hàn pé ohun méjì ń rìn pọ̀. Ọjọ́bọ̀ tí ọ̀kan bá wá, èkejì á wá. Nígbà tí ọ̀kan sì pòórá, èkejì náà pòórá. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìṣe, kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kí wọ́n pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan?

Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Káfíńtà kan ni ọ̀kan, ọkùnrin gíga tí ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Tíṣà ni èkejì, obìnrin tó fi ìgbà èwe rẹ̀ tọ́ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí tí wọ́n fi tójú bọ́. Ó wá rántí bí wọ́n ṣe máa ń jókòó pẹ́ sórí àga lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ abẹ́rẹ́ lára wọn, tí ọ̀rọ̀ wọn kì í tán.

"Ẹni méjì ni wọ́n," ó wí. "Ṣùgbọ́n ó jọ pé wọ́n fẹ́ di ọ̀kan."

Ó bi ẹ̀rọ náà ní ìdí tí wọn kò fi wá mọ́. Ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan sọ. Ìyá náà ní kò burú, òun ní ẹsẹ̀ tòun.

Bó ṣe ń lọ sílé, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ọkùnrin náà ń fá pákó, ó kọ́kọ́ ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ òun. Nígbà tó yá, ó gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tú ohun tó wà níkùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tuntun kan ló bi í lọ́jọ́ tó lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn pé ta ló ń dúró dè, ó sì fi àwàdà dáhùn pé ìyàwó òun ni. Kò mọ̀ pé tíṣà wà lẹ́yìn òun. Tíṣà bèèrè lójú gbogbo èèyàn pé ta ló bi òun kó tó sọ bẹ́ẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà ni káfíńtà kò ti débẹ̀ mọ́, kí tíṣà má baà tìtorí òun pa iṣẹ́ rere rẹ̀ tì.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà lọ bá tíṣà nílé ìwé nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré. Tíṣà ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà náà ló dun òun. Ohun tó dun òun ni pé ọkùnrin náà sọ fún nọ́ọ̀sì ohun tí kò sọ fún òun rí. Ṣùgbọ́n òun ti dójú ti ọmọlúàbí láwùjọ, ojú sì ń ti òun láti padà lọ síbẹ̀. Ó wolẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n ṣì ń wá?"

Èsì náà yún Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ lẹ́nu, àmọ́ ó gbé e mì. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó wà nínú ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dé etí ẹlòmíràn.

"Tíṣà, ti oníkálukú ni ti oníkálukú," ó wí. "Ẹnì kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó nílò irú ẹ̀jẹ̀ yín. Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó mú, ni mo ń retí yín."

Ohun tó sọ fún káfíńtà náà nìyẹn, kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lé e.

Lọ́jọ́bọ̀, káfíńtà kọ́kọ́ dé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ nígbà tí tíṣà wọlé. Tíṣà wò yíká yàrá. Gbogbo àga yòókù ni Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ti kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì lé lórí, àfi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà. Tíṣà jókòó, wọ́n sì gún òun náà ní abẹ́rẹ́. Òun àti káfíńtà kí ara wọn bí àlejò méjì. Àwọn nọ́ọ̀sì ń nu ohun tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó pẹ́, káfíńtà kọjú sí àjà.

"Ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún," ó wí. "Ẹ má bínú. Mo wá ń bi yín báyìí. Ṣé ẹ máa fẹ́ mi?"

"Ẹ wo ibi tí ẹ ti ń bi mí," ni tíṣà dáhùn. "Abẹ́rẹ́ wà lápá mi, mi ò lè sá." Ó kọjú sí i. "Bí n bá tiẹ̀ lè sá, mi ò níbi tí mò ń sá lọ."

Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ kọjú sí fìríìjì, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

Àpò ẹ̀jẹ̀ méjèèjì gòkè lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, dókítà agbẹ̀bí tún sọ̀ kalẹ̀ wá, kò mí kanlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ọmọbìnrin ni, ohùn rẹ̀ sì lágbára ju ti baba rẹ̀ lọ. Ìyá ọmọ ti ń bèèrè ohun tó máa jẹ.

Ọmọbìnrin ẹlẹ́rọ ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé nígbà náà. Ó fi àyè kékeré kan han Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdí tí àwọn tó ti lọ fi padà wá. Ó ní bí wọ́n bá kọ ọ́, ẹ̀rọ á fi kọ́gbọ́n, á sì lè gbà wọ́n nímọ̀ràn nípa àwọn tó kù.

Ìyá náà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó ní bí òun bá kọ òótọ́, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ̀rọ á ní kí wọ́n máa wá ọkọ fún gbogbo obìnrin tó bá wá. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lẹ́yìn náà, ó fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ sókè láti lọ wo ọmọ tuntun.