Kọ̀ǹpútà Tó Ní Kí Wọ́n Sin Òun Sọ́nà

Ẹnu Mọrádékẹ́ fúnra rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nígbà tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé wọn tí a ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Mo lá àlá kan. Kì í ṣe lóru, ọ̀sán gangan ni, lórí tábìlì ọ́fíìsì." Ó wí i bí ẹni tó ń sọ pé òun ra ọṣẹ. Bó ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ni Mọrádékẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n bá bí nílùú, òun ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ tí à ń wí yìí. Ìwàlọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti bí ọmọkùnrin sí Ìbàdàn. Ọjọ́ kejì ni ọmọ náà yóò pé ọjọ́ mẹ́jọ, kùtùkùtù ni wọ́n sì fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ. Mọrádékẹ́ ti ní orúkọ kan lọ́kàn tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ Ìbàdàn tó kẹ́yìn máa ń gbéra ní aago mẹ́rin. Nígbà tó fi di aago méjì, ó ti pa gbogbo ìwé dé, ó ti gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà máa sùn.

Kọ̀ǹpútà kò sùn. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáànù inú rẹ̀ ń pariwo lọ, iná kékeré aláwọ̀ ewé tó wà níwájú rẹ̀ sì ń tàn. Làmídì, tó máa ń kọ orúkọ àwọn òkú ní yàrá kejì, yọjú sí i. Ó ní kó yọ wáyà máòsì, kó yọ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà, bóyá ọ̀kan nínú wọn ló dì í mú. Ó yọ wọ́n. Làmídì ní kó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí yóò fi ka ẹẹ́wàá. Ó kà á. Kọ̀ǹpútà kú pátápátá, gbogbo yàrá dákẹ́. Kó tó gbé báàgì kọ́ èjìká, ẹ̀rọ náà tún tan padà, bí ẹni tó gbàgbé agboòrùn.

Kò sì ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ lórí iná ní yàrá àwọn wolé-wolé, ó jó kọ́tìnnì wọn. Láti ìgbà náà ni Ọ̀gá Akínṣípẹ̀ ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ kò bá tíì kú. Wọ́n tún ní a kò gbọdọ̀ fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, torí pé orúkọ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Ni Mọrádékẹ́ bá jókòó tì í. Ó gbé orí lé tábìlì, ó ń wo iná náà. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé e lọ.

Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà."

Mọrádékẹ́ dá a lóhùn, ó sì bi í pé ṣé kò tíì lọ ni.

"Mo ti dìde tipẹ́," ni kọ̀ǹpútà wí. "Mo ti di ẹrù mi. Mo ti ní ó dàbọ̀. Mo kàn ń wo ẹni tí yóò sìn mí sọ́nà ni."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí Mọrádékẹ́. Ojú tiẹ̀ tì í díẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ yìí ti ń bá a jókòó, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà rí. Ó ní kí ó má bínú. Ó ní kí ó ṣe sùúrù kí òun lọ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, torí pé àsìkò tí òṣìṣẹ́ ń jáde kò tíì tó.

Ó ṣílẹ̀kùn, kò rí ilẹ̀. Ọ́fíìsì ti gbéra. Ó ń fò lọ lókè àwọn òrùlé páànù, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń najú lọ. Àwọn tó wá forúkọ ọmọ sílẹ̀ tò sórí afẹ́fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n ń ti ara wọn. Obìnrin kan ń ráhùn pé láti ọjọ́ Ajé lòun ti wà lórí ìlà. Mọrádékẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọjá, wọ́n sì yà fún un. Ó rìn láàárín wọn lọ sí yàrá ọ̀gá, tó ń fò ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ga díẹ̀ ju tiwọn lọ, nítorí ipò.

Ọ̀gá Akínṣípẹ̀ wà lẹ́yìn tábìlì wọn. Mọrádékẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ó na ìwé sí wọn pé òun fẹ́ sin kọ̀ǹpútà dé oríta. Wọ́n wọ awò ojú wọn. Wọ́n ka ìlà àkọ́kọ́, irùngbọ̀n wọn gùn. Wọ́n ka ìlà kejì, ìwo yọ. Nígbà tí wọ́n fi máa ka ìwé náà tán, wọ́n ti di òbúkọ dúdú kan, awò ojú ṣì wà lójú wọn. Wọ́n wá jẹ ìwé náà.

Mọrádékẹ́ dúró. Kò fẹ́ kán àgbà lójú. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, ó béèrè pé, "Ṣé ẹ ti fọwọ́ sí i, sà?"

"Ó ti wọ inú fáìlì," ni òbúkọ wí, wọ́n sì fi pátákò kan ikùn wọn kí ó lè rí ibi tí fáìlì wà. Wọ́n ní kó máa lọ, ṣùgbọ́n kó bá wọn ti ilẹ̀kùn, torí pé atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn ní ìwo.

Ó dúpẹ́, ó ti ilẹ̀kùn. Bó ṣe yíjú báyìí, ọ̀nà ilẹ̀ pupa ló wà níwájú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti dúró síbẹ̀ dè é, ó ń fi wáyà rẹ̀ méjèèjì rìn bí ẹsẹ̀, ó pọn pátákó bọ́tìnnì rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ. Fáànù inú rẹ̀ ń mí hẹlẹ. Wọ́n mú ọ̀nà pọ̀n. Máòsì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó ń sọ pé kì í ṣe òun ló di kọ̀ǹpútà mú, kí Làmídì má purọ́ mọ́ òun. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ooru. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa bí iná mànàmáná ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà ní òun kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ló sọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Báyìí ni wọ́n ṣe dé oríta. Mọrádékẹ́ ní kó máa lọ o, kó kí ilé.

"Wọ́n á gbọ́," ni kọ̀ǹpútà wí. Kò lọ. Ó ní, "Ẹ ò lè dá padà báyìí, mà. Ẹ jẹ́ kí n sìn yín díẹ̀."

Ó sìn ín padà dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Mọrádékẹ́ náà kò lè jẹ́ kí àlejò dá lọ. Ó tún sìn ín dé oríta. Kọ̀ǹpútà tún sìn ín padà. Ọ̀nà náà ń jìn sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn títí tí ilẹ̀ fi dé wọn ní orúnkún, wọ́n sì ń kí ara wọn: o ṣé, ẹ ṣé, máa lọ, rárá o, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ yíjú. Kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ìkejì.

Ọkọ̀ Ìbàdàn dúró ní oríta nígbà kan. Awakọ̀ bi Mọrádékẹ́ bóyá ó ń lọ. Ó ní òun ń lọ, òun kàn ń sin àlejò ni. Awakọ̀ ní ìyẹn dára, òun náà kò sin ọkọ̀ òun rí. Ó sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n jọ ń lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Nígbà kẹta tí Mọrádékẹ́ padà dé ọ́fíìsì, ọmọdékùnrin kan tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ dúró níwájú káńtà. Ó ní òun wá forúkọ sílẹ̀. Mọrádékẹ́ mú bírò, ó bi í pé kí lorúkọ.

"Mi ò tíì ní, ìyá àgbà," ni ọmọ náà wí. "Ẹ̀yin la ń dúró dè. Wọ́n ní àwọn ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí yín."

Mọrádékẹ́ wò ó dáadáa, ó rí i pé imú Ìwàlọlá ló wà lójú rẹ̀. Ó ní kó jókòó, òun ń sin àlejò kan, òun ń bọ̀. Ó lọ sí oríta, ó bọ̀. Ọmọ náà ti hu irùngbọ̀n. Ó ní wọ́n ti gba òun síṣẹ́, àfi pé "Ìwọ Yẹn" ni wọ́n kọ sára tábìlì òun. Mọrádékẹ́ bá a yọ̀ sí iṣẹ́ náà, ó ní kó tún ṣe sùúrù. Ó lọ, ó bọ̀. Ọmọ náà ti ga jù ú lọ, ó di fìlà mú lọ́wọ́, ó fẹ́ gbéyàwó. Àwọn àna rẹ̀ ní àwọn kò lè fa ọmọ lé ẹni tí wọn ò mọ bí wọn yóò ṣe pè é lọ́wọ́. Kò pariwo, kò sì bínú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá àgbà," ló wí. "Ẹ sọ ọ́ fún mi níbí náà, kí n máa lọ."

Mọrádékẹ́ mọ orúkọ náà. Láti ìgbà tí oyún ti wà ní oṣù karùn-ún ló ti ń pè é nínú ara rẹ̀ tó bá ń fọ abọ́. Ó la ẹnu. "Ó dàbọ̀" ló jáde. Ó tún ẹnu là. "Ẹ kí ilé" ló jáde. Ọkùnrin náà rọra kọ ọ́ sílẹ̀, ó wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ní òun kò rò pé èyí ni.

Mọrádékẹ́ yíjú sí kọ̀ǹpútà, tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń retí kí wọ́n tún máa lọ. Ó bi í pé, "Àwọn orúkọ tó wà nínú rẹ ńkọ́? Tí mo bá fa wáyà rẹ, ibo ni wọ́n á gbà?"

"Wọ́n ti sùn láti aago méjì," ni kọ̀ǹpútà wí. "Mo ti tẹ́ wọn, mo ti da aṣọ bò wọ́n. Ẹ̀kọ́ ilé nìkan ló kù tí mo ń ṣe, mà. Ẹnì kan nínú àwa méjèèjì ní láti lọ láìdágbére, wọn ò sì kọ́ èmi bẹ́ẹ̀."

"Wọn ò kọ́ èmi náà bẹ́ẹ̀."

Òbúkọ yọ orí lójú fèrèsé, awò ojú wọn ti wọ́, wọ́n béèrè bóyá ìwé mìíràn wà. Irun ọkùnrin tí kò lórúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn bá ń da ìyẹ̀fun sí i lórí. Mọrádékẹ́ ń wò ó. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ló ti lò láyé, kò kúrò níbì kan rí láìkí àwọn tó kù síbẹ̀. Awakọ̀ tó bú u pàápàá, ó kí i kó tó sọ̀kalẹ̀. Ó na ọwọ́ sí wáyà.

Ó jí.

Aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa. Itọ́ rẹ̀ ti kán sórí tábìlì. Iná kékeré ṣì ń tàn, fáànù ṣì ń pariwo. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, Làmídì dúró pẹ̀lú àna rẹ̀ kan tó wá kí i. Àna náà ti fi ẹsẹ̀ kan síta, ìkejì wà nínú. Ó ń sọ pé òun ti ń lọ. Làmídì ní kó kí ìyàwó. Àna ní yóò gbọ́, ó wá ní àní, ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá Làmídì ńkọ́. Làmídì fara ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ náà ti kọ́kọ́ dùn wọ́n.

Mọrádékẹ́ dìde, ó fa wáyà náà yọ lára ògiri. Iná kú. Fáànù yí díẹ̀ sí i, ó dúró. Lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, orúkọ kan ṣoṣo kò sọnù, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń fà á. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba àárín Làmídì àti àna rẹ̀ kọjá, débi pé wọ́n ní láti yà fún un.

"Ìyá Ìwàlọlá," ni Làmídì pè é, "ṣé kò sí nǹkan? Ẹ ò tiẹ̀ kí àlejò wa."

Ó gbọ́ ọ. Ó sọ fún mi pé ọrùn òun fẹ́ yí fúnra rẹ̀, òun ni òun dì í mú. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó jáde ní géètì, ó gba ọ̀nà gáréèjì lọ, kò sì wo ẹ̀yìn.