Àńpù Nínú Yàrá Obì

Wàsíù gbé ọmọ odó sókè, ó sì là á mọ́ àńpù tó sún mọ́ ọn jù lọ. Pákó rẹ̀ fọ́ wómúwómú, wáyà tú síta bí ìfun ẹran. Lásúnkànmí, àbúrò rẹ̀, ké bí ẹni pé orí òun ni wọ́n là.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

"Mo ti rọra tó. Méjì lo ń lò. Mo ní kó o ta ìyókù, o ní o gbọ́."

Yàrá obì ìyá wọn ni wọ́n wà, ní Ṣàgámù. Jìtá ni Lásúnkànmí ń ta lóde àríyá. Nínú àńpù mẹ́sàn-án tó ní, àwọn àpótí tó ń gbé ohùn jìtá jáde, méjì péré ló máa ń gbé lọ síbi eré. Àmọ́ bó bá ti rí òmíràn ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ogijo, á wọ̀ ọ́ lójú, owó á sì tẹ̀lé ojú. Nígbà tí yàrá tirẹ̀ kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n lé orí apẹ̀rẹ̀ obì. Ọmọ tí wọ́n fi owó obì tọ́, tó mọ̀ dájú pé bí obì bá ń gbẹ, apẹ̀rẹ̀ á máa rọlẹ̀ lábẹ́ ẹrù! Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí Àjọkẹ́ ìyá wọn ṣe ń yí obì tó fẹ́ kó lọ fún àwọn Hausa ní Sábó, gbogbo àńpù náà ya lulẹ̀.

Ariwo yẹn ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi sáré wọlé. Wọ́n bá ìyá wọn ní ìjókòó láàárín ewé àti obì tó fọ́n ká, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan," ló wí. "Ẹ lọ síbi iṣẹ́ yín."

Wàsíù lọ lóòótọ́, ọmọ odó ló lọ mú wá.

Wọ́n ní bí ọmọ ìyá méjì bá wọ yàrá tí wọ́n rẹ́rìn-ín jáde, irọ́ ni wọ́n pa fúnra wọn. Òótọ́ làwọn méjì yìí sọ lọ́jọ́ náà, àmọ́ ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Nígbà tí àńpù kẹta fọ́, Lásúnkànmí fi orí kan imú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wàsíù ju ọmọ odó nù, ó gbá a lẹ́nu, eyín kan bọ́ sáàárín obì. Wọ́n wó lulẹ̀. Lásúnkànmí bọ́ sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un lọ́rùn.

"Fọwọ́ kan òmíràn, Wàsíù, màá pa ọ́."

Ó ti ọkàn rẹ̀ wá. Ojú Wàsíù ti ń yọ síta, inú Lásúnkànmí sì ń dùn sí i.

"Lásún," ìyá wọn pè é jẹ́jẹ́. "Fi í sílẹ̀, wá gbé e kúrò."

Kí ni kó gbé kúrò? Ó bojú wẹ̀yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, ìyá wọn kò tíì dìde. Ó ń fi ọwọ́ òsì kó ewé tó fi bo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò. Àńpù kan ló wà lórí ọwọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin àpò abẹ́ rẹ̀ gbingbin.

"Mo mọ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n ẹ bá rí i, á pa ọ́," ló wí.

Àwọn méjèèjì ló gbé àńpù náà kúrò, ẹ̀jẹ̀ imú àti ti ẹnu wọn ń kán sórí rẹ̀. Àwọn ìka ìyá wọn, tó máa ń mọ obì tí kòkòrò ti wọ̀ láì là á, ti fọ́. Wàsíù gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, ó ń sunkún jáde, ó ń pe ọlọ́kadà.

Lásúnkànmí ṣì di àńpù náà mú. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ń ronú ẹni tó tà á fún un. Kò rántí. Kò rántí pé òun tan án rí.