Ìka Kan Lórí Ayaba

Ìka rẹ̀ ti kan orí ayaba kó tó rí i pé kòtò lòun ń kó sí. Ayaba yẹn ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn ọba rẹ̀. Bó bá fi lè kúrò níbẹ̀, eré parí. Bẹ́ẹ̀ òfin ayò ṣẹ́ẹ̀sì ò mojú ẹnikẹ́ni: ọmọ ayò tí o bá fọwọ́ kàn, òun náà lo máa gbé. Aláròjinlẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kì í tètè gbé nǹkan, àmọ́ lọ́jọ́ náà ọwọ́ ṣáájú èrò. Ó fà á padà kíá, ó sì gbé ọmọ ayò ẹlẹ́ṣin dípò ayaba.

Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ta á, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó wà ní ọdún àṣekágbá, ń fi etí aṣọ nu jígí ojú rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wọ̀ ọ́ padà. Ó rí i pé ayaba ti yẹ̀ díẹ̀.

"Ṣé o fọwọ́ kan ayaba ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

Ẹnu rẹ̀ ló dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó débẹ̀. Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú ikọ̀ yunifásítì wọn, ẹni tó bá borí lónìí ló ni ín. Adarí ìdíje, bàbá kan tí kì í fẹ́ wàhálà, gbọ́ ohùn wọn, ó rìn wá, ó bi ọmọbìnrin náà bóyá ó fẹ́ fẹjọ́ sùn.

"Ó ní òun ò fọwọ́ kàn án, sà. Ó ti tán."

Aláròjinlẹ̀ ló borí. Wọ́n fọwọ́ síwèé èsì, bàbá gbé e lọ, kò sì sẹ́ni tó tún lè yí i padà. Àwọn méjèèjì wá tún ayò náà tò, bí àwọn atayò ti máa ń ṣe, láti wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti yíwọ́.

"Ká ní ayaba lo gbé níbí ni, èmi ni ǹ bá borí," ọmọbìnrin náà wí. "Àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ta bíi tìẹ ò lè dán an wò. Má bínú pé mo fura sí ẹ."

Ojú ti Aláròjinlẹ̀. Kò lè wo ojú ọmọbìnrin náà.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fọwọ́ kàn án."

Ọmọbìnrin náà ò pariwo. Ó ń kó àwọn ọmọ ayò sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé o ti ń rò ó láti sọ tipẹ́ ni?"

"Àtìgbà tí mo ti sọ pé rárá."

"Bàbá ṣì wà níbí nígbà yẹn," ó wí pẹ̀lẹ́, ó pa àpótí dé, ó sì lọ.

Aláròjinlẹ̀ jókòó síbẹ̀. Ó ti rò pé bí òun bá jẹ́wọ́, ara á fúyẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé òun ò la ẹnu òun àfìgbà tí òtítọ́ náà ò lè gba ohunkóhun lọ́wọ́ òun mọ́.