Ẹ̀rọ Tó Sùn Mọ́ Ládàánì Lọ́wọ́

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Kàdírì ti ń ṣe ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní Ṣakí. Ohùn rẹ̀ ló ń jí gbogbo ilé sí sààrì nínú oṣù ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn náà ti há. Ìdí nìyẹn tí Samsudeen ọmọ rẹ̀ fi gbé ẹ̀rọ kan wá láti Èkó, tí yóò máa pe àwọn èèyàn dípò rẹ̀. Iṣẹ́ Samsudeen ni kíkọ àṣẹ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú kọ̀ǹpútà, èyí tó ń sọ ìgbà tí ẹ̀rọ máa sùn àti ìgbà tó máa jí. Ó sì máa ń fọ́nnu.

"Ẹ ò ní fọwọ́ kàn án rárá, Bàbá. Ẹ máa sun oorun yín," ló wí lójú gbogbo àwọn tó wá kírun, nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀la.

Oòrùn ló ń bọ́ bátìrì ẹ̀rọ náà, eruku ọyẹ́ sì bo oòrùn lọ́sẹ̀ yẹn. Samsudeen bá ní kí ẹ̀rọ máa sùn lẹ́yìn ìṣáì, kí bátìrì má baà tán. Nǹkan wínníwínní kan wà nínú rẹ̀ tó ń bu iná fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan níwọ̀n tó lè gbà, ti sípíkà lọ́tọ̀, ti aago lọ́tọ̀. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ sùn, yóò pa wọ́n, àfi èyí tí èèyàn bá kọ sílẹ̀ pé kó má pa. Samsudeen ní kó pa gbogbo wọn, títí kan ti aago tó yẹ kó jí i. Nígbà tó dán an wò, wáyà kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lára rẹ̀, iná sì ń gbabẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aago. Ọ̀gá wa ò yọ wáyà kó tún dán an wò. Ta ni yóò kọ́ ọ níṣẹ́?

Ẹ̀rọ ò jí ní sààrì. Ìpè ìrun àsùbáà tí Kàdírì fẹnu ara rẹ̀ pè ni àdúgbò kọ́kọ́ gbọ́, nígbà tí oúnjẹ ti di èèwọ̀. Ooru mú lọ́jọ́ náà. Mùyìbátù tó ń ta igi ìdáná dákú nídìí pọ́ọ̀ǹpù, omi ni wọ́n fi jí i.

Lọ́sàn-án, Samsudeen ṣí iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó sì rí àṣìṣe náà. Ìlà kan péré ni kò kọ, èyí tí ì bá ní kó má pa iná aago.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, Ràsáàkì, alága mọ́ṣáláṣí, béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kàdírì dìde.

"Èmi ni mo fọwọ́ kan ohun tí n ò mọ̀ lára ẹ̀rọ ọmọ mi. Oorun sì gbé mi lọ. Ẹ foríjì mí."

"Bàbá Samsu, àgbà ti ń dé," ni Ràsáàkì wí. "Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ yìí lé ẹlòmíì lọ́wọ́."

Samsudeen wà ní ìlà kẹta àwọn tó kírun. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Nílé, kò lè wo ojú bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ ò fọwọ́ kàn án."

"N ò fọwọ́ kàn án. Mo jókòó tì í láti aago mẹ́ta, mò ń retí kó pè."

"Kí ló dé tí ẹ ò fẹnu yín pè wọ́n sí sààrì?"

"Bí mo bá pè, gbogbo wọn á mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ò jí. Mo ní yóò jí láìpẹ́, títí àkókò sààrì fi kọjá." Kàdírì ń yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. "Irọ́ tí mo pa nínú ààwẹ̀, Ọlọ́run ni yóò bi mí."

Ojú ti Samsudeen débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Kó tó di àkókò ìṣínu, ó padà sí mọ́ṣáláṣí, ó dúró níwájú gbogbo wọn.

"Bàbá mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Èmi ni mo pa iná aago rẹ̀. Wọn ò sì sùn."

Mùyìbátù béèrè láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin pé, "Wọn ò sùn? Kí ló wá dé tí wọn ò pè wá?"

"Kí ojú má baà tì mí ni."

Ràsáàkì wo aago, ó wo ládàánì.

"Ẹ pè é, Bàbá Samsu. Àkókò ti tó."

Kàdírì dìde, ó fi ohùn tó há yẹn pe ìrun. Samsudeen ò lè gbójú sókè títí ó fi pè é tán.