Gbólóhùn Tí Baba Ìwà Yí Padà

Baba Ìwà ni wọ́n ń pe aṣòfin náà, orúkọ sì rò ó lóòótọ́. Láti bí ogún ọdún tó ti wà nílé ìgbìmọ̀, kò sọ́rọ̀ tí kì í fi ìwà bọ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ títì, yóò ní àwọn èwe ń ṣe ìṣekúṣe létí ẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ omi, yóò bi yín léèrè irú aṣọ tí àwọn ọmọge ń wọ̀ lọ pọn ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́: kò jalè, kì í purọ́, àwọn tó dìbò fún un sì fẹ́ràn ẹ̀ dénú.

Àbá òfin tó gbé wá lọ́dún yìí ni pé ọmọ iléèwé tó bá lóyún, kó jókòó sílé títí láé. Ó ku ọ̀la kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kẹta kó dòfin, ló yà kí ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin télọ̀ àdúgbò, tó máa ń ka ìwé ìròyìn fún màmá, wà níbẹ̀, ó fi ìborùn bo ikùn. Bó ṣe rí aṣòfin báyìí, ó kí i, ó sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ó kù díẹ̀ kó ṣèdánwò àṣekágbá," ni màmá wí. "Òfin ẹ ló máa lé e."

"Màmá, ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀."

Màmá wò ó títí. "Mo ti dàgbà kí bàbá mi tó gbà kí n lọ síléèwé. Lẹ́tà mélòó kan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ tí wọ́n lé mi. Wọ́n ní mo lóyún."

"Oyún ta ni?"

"Oyún tìẹ ni. Bàbá ẹ fẹ́ mi sílé, kò sẹ́gàn ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò gbà mí padà."

Ojú ti Baba Ìwà, àánú ìyá ẹ̀ sì ṣe é gan-an.

Wọ́n ní àṣà kan nílé ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn kíkà kẹta, abẹnugan á bi ẹni tó mú àbá wá pé, "Ṣé o ṣì dúró lórí ẹ̀?" Olúwarẹ̀ á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Lọ́jọ́ kejì, abẹnugan ò tiẹ̀ gbójú sókè tó fi bi í, àwọn kan ti ń kó báàgì wọn. Baba Ìwà bá dìde.

"Mo dúró lórí ìwà," ló wí. "Àmọ́ mo fẹ́ yí gbólóhùn kan padà. Ọmọ tó bá lóyún, kó ṣèdánwò ẹ̀. Tó bá sì ti bímọ tán, kó padà síléèwé, kẹ́nikẹ́ni má dí i lọ́wọ́."

Ilé dàrú. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ó ti dalẹ̀, ẹnì kan ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibà ló ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n dìbò sí i, ìbò díẹ̀ báyìí ló fi borí. Ó mọ̀ pé ìdìbò tó ń bọ̀ lè le fóun, síbẹ̀ inú ẹ̀ dùn.

Ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Màmá ti gbọ́ ọ lórí rédíò.

"Òfin yẹn, ṣé ẹ fi ọjọ́ orí sí i?"

"Rárá, màmá. Kí ló dé?"

"Mo ti bímọ tán," ni màmá wí. "Ọjọ́ wo ni kí n lọ?"